Àbọ̀ lórí sqlite3.h tí gcc kò rí: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, àbọ̀ rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo béèrè ìdí tí gcc (ètò tó ń sọ kóòdù C di ètò tó lè ṣiṣẹ́) fi ń kígbe “sqlite3.h: No such file or directory”, ìyẹn ni pé kò rí fáìlì náà, nígbà tó jẹ́ pé sqlite3 (ètò tó ń tọ́jú dátà) ń ṣiṣẹ́ geere lórí Ubuntu (irú Linux kan) mi. Ètò tí màá fi máa kọ gbèsè àwọn oníbàárà màámi ní ọjà Bódìjà ni.

Ẹni tó ní kí n fi -I/usr/include kún àṣẹ gcc, kó lè wá fáìlì náà nínú /usr/include, ẹ ṣé o, àmọ́ kò yí nǹkan kan padà. Gcc ti ń wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó dárúkọ libsqlite3-dev ló gbà á. Sqlite3 tí mo ní kò gbé fáìlì .h kankan (irú èyí tí kóòdù C nílò láti lo sqlite3) dání, inú èyí tó ní -dev nídìí ló wà:

sudo apt install libsqlite3-dev

Mo yọjú wo /usr/include, mo bá a níbẹ̀. Inú mi ti ń dùn kí òmíràn tó yọ: “undefined reference to sqlite3_open”, ìyẹn ni pé kò rí kóòdù sqlite3_open tí ètò mi ń pè. Àṣé mo kọ -lsqlite3 (èyí tó ń so ètò mọ́ kóòdù sqlite3) ṣáájú main.c, fáìlì kóòdù mi! Ẹ̀yìn ló yẹ kó wà:

gcc main.c -o gbese -lsqlite3

Wọ́n múná lọ kí n tó tẹ̀ ẹ́ (ẹ sáà mọ Ìbàdàn wa), ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ṣiṣẹ́.

Ó ku ti ọ̀rẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá tó ń lo Fedora (irú Linux mìíràn). Sqlite-devel ni wọ́n ń pe libsqlite3-dev níbẹ̀, a ò tíì gbé e wọlé, dátà rẹ̀ ló tán.