Ẹ̀fúùfù ló wọlé, atẹ́gùn ló yẹ kó kan rádíétọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Alágbàká kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa níbí lánàá pé ká fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àwọn ṣẹ̀dá fún àwọn ọmọ tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàlúù kékeré. Wọ́n ní ká máa pe rádíétọ̀, ìyẹn ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá kí afẹ́fẹ́ lè gbé ooru rẹ̀ lọ, ní amẹ́ńjìnnìtutù. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n pè é ní ìṣàn afẹ́fẹ́. Ọ̀nà onípáànù tó ń kó afẹ́fẹ́ náà wọlé, wọ́n ní àrọ ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má bínú sí mi, n ò lè fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Àbúrò mi ọkùnrin ń kan bàlúù kan lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ọba-Ilé. Ẹ́ńjìnnì Subaru tí wọ́n tú lára mọ́tò ló gbé sí i níwájú. Kò tíì fò, èmi náà ò sì bá a kánjú. Ohun tó ti ṣe ni pé ó so ìrù bàlúù mọ́ ìdí igi máńgòrò, ó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ti ń hó, èéfín bo gbogbo ilé, àwọn ará àdúgbò sì ti ń pọn omi bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo rádíétọ̀ yìí títí ojú fi ń ro mí.

Amẹ́ńjìnnìtutù ni ká kọ́kọ́ mú. Amúlétutù ni ẹ wò ṣe é, ó sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ilé la fẹ́ kó tutù, a ò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ́ńjìnnì tó tutù jù, epo ò ní jó tán nínú rẹ̀, omi á sì máa kó jọ sínú ọ́ìlì. Nǹkan bí 80 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ara rẹ̀ ti máa ń yá. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló ti gba “tutù” yìí gbọ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yọ tamósítáàtì, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, jù sígbó. Ẹ jẹ́ ká fi rádíétọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jẹ́. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì, ẹ ní amẹ́ńjìnnìtutù lẹ fẹ́ rà, kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Ìṣàn afẹ́fẹ́ ló ká mi lára jù. Omi ló ń ṣàn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Fífẹ́ ni ti afẹ́fẹ́. Ṣé pé a lè gbójú fo ìyẹn, èdè a máa fẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbọ́ “ìṣàn” yóò rò pé bó bá ṣe ń ya wọlé tó ló ṣe dára tó. Bí àbúrò mi ṣe rò ó náà nìyẹn. Ó la ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà gbàgà, ó fẹ̀ tó rádíétọ̀ fúnra rẹ̀. Omi tún hó kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí eré afẹ́fẹ́ tó ń la rádíétọ̀ kọjá bá di ìlọ́po méjì, agbára tí rádíétọ̀ fi ń dá a padà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ooru tí afẹ́fẹ́ ń rí gbé lọ ò ní tó ìlọ́po méjì. Afẹ́fẹ́ ò sì gbọ́n ju ewúrẹ́ lọ: ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà. Tó bá sáré dé, tó rí i pé ibẹ̀ le, ẹ̀gbẹ́ ló ń yà sí. A ní láti dín eré rẹ̀ kù kó tó débẹ̀ ni. Níbí ni Yorùbá ti ní ohun tí a ò lò. A kì í pe gbogbo afẹ́fẹ́ ní orúkọ kan náà. Ẹ̀fúùfù ló ń ṣí páànù ilé. Atẹ́gùn là ń jókòó gbà lábẹ́ igi nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọ̀nà onípáànù yìí kò ju pé kó sọ ẹ̀fúùfù di atẹ́gùn kó tó kan rádíétọ̀, kó sì tún sọ ọ́ di ẹ̀fúùfù nígbà tó bá ń jáde lẹ́yìn. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Meredith, tó ń ṣiṣẹ́ ní Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1935 pé afẹ́fẹ́ tí a dẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó gba ooru, tí a wá fún jáde lẹ́yìn, lè ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀, kó fi san nínú gbèsè tí rádíétọ̀ jẹ, ìyẹn bó ṣe ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mustang, bàlúù ogun ará Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ fò ní 1940, lo ọgbọ́n yìí. Ẹnu tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lábẹ́ ikùn ò lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sí i, kí afẹ́fẹ́ ọ̀lẹ tó ń wọ́ tẹ̀lé ara bàlúù má bàa wọbẹ̀. (Afẹ́fẹ́ ọ̀lẹ, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè bá mi jà lórí ìyẹn náà.)

Ó ku àrọ. Gbogbo wa la mọ àrọ tí ìyá elépo fi ń rọ epo sínú ìgò: ẹnu ńlá lókè, ẹnu kékeré nísàlẹ̀. Ti bàlúù, ẹnu kékeré ló ṣíwájú, ó wá ń fẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé rádíétọ̀. Ẹ̀yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ni àrọ gan-an wà. Ẹni tó bá kan án bí àrọ láti iwájú, omi rẹ̀ á hó. Fífẹ̀ náà ò sì gbọdọ̀ yá jù. Tí páànù bá ṣí ju nǹkan bí dígírì 7 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ á kúrò lára rẹ̀, á máa yí po. Àbúrò mi gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ páànù, ó fi ike tó mọ́ gaara dí i, ó lẹ òwú ìránṣọ pupa mọ́ inú rẹ̀. Nígbà tó tanná, àwọn òwú iwájú nà tàntàn. Àwọn tẹ̀yìn ń jó bí eégún. Bó ṣe mọ ibi tó máa tún gé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló yá rọ́bà funfun tí bíríkìlà fi ń wò ó bóyá ilẹ̀ dọ́gba. Ó bu zobo sí i, ó fi ẹnu kan sí iwájú rádíétọ̀, ó fi ìkejì sẹ́yìn. Zobo ò mì. Àṣé etí rádíétọ̀ àti páànù ò pàdé, àyè ìka méjì wà láàrin wọn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń sá gbà. Ó gé tíúbù táyà ògbólógbòó, ó fi dí gbogbo etí rẹ̀. Ó tún tanná. Zobo apá ẹ̀yìn fi bí ìbú ìka kan ga ju ti iwájú lọ. Ìtì ni mo pe ohun tó tì í yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “pressure”. Ẹnìkan níbí ti fi ìfúnpá lélẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ti ẹ̀jẹ̀. Mo dán an wò lọ́dọ̀ ìyá wa. Wọ́n ní, “Ta ló so ìfúnpá mọ́ bàlúù? Babaláwo wo lẹ lọ bá?”

Fún ibi tó ń fẹ̀ yẹn, àbúrò wa obìnrin kan níbí dábàá ìrọlẹ̀, pé ibẹ̀ ni ìjì ti ń rọlẹ̀. Ó dára, àfi pé láìsí àmì, gbogbo ẹni tó bá kà á lórí fóònù ni yóò kà á sí ìrọ̀lẹ́. Ti páńẹ́ẹ̀lì bítà tó ń bá àbúrò mi ṣiṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn. Kò wo ìwé kankan: ẹnu, ọ̀fun, ikùn, ìdí. Afẹ́fẹ́ gba ẹnu wọlé, ọ̀fun ń fẹ̀ lọ sí ikùn, rádíétọ̀ wà nínú ikùn, ó gba ìdí jáde. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ràn ìdí.

Lánàá ó tan án fún ogún ìṣẹ́jú, omi ò hó. Ó ku páànù kékeré tó máa ń ṣí, tó máa ń pa dé, ní ẹnu ọ̀nà àjáde. Nílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ iwájú nìkan la ní, à ń ṣí i gbayawu. Tó bá gòkè tó ń sáré, à ń pa á dé díẹ̀. Ẹ tètè bá wa wá ọ̀rọ̀ tó níyì fún un o. Bàǹtẹ́ ni páńẹ́ẹ̀lì bítà ń pè é, àbúrò mi sì ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára páànù.