Wáyà eyín tàbí iṣẹ́ abẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́: èwo lówó rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là?

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ń sọ pé wáyà eyín, èyí tí wọ́n ń so mọ́ eyín láti tò ó, ni kí èèyàn ṣe, pé owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè síwájú ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ètè àkọ́bí mi là dé àjà ẹnu nígbà tí mo bí i. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n rán méjèèjì, torí àjọ aláàánú Smile Train ló ń sanwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ìgbà tí eyín àgbà dé ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápò mi. Àpá àjà ẹnu lè má jẹ́ kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè dàgbà síwájú dáadáa. Ti ìsàlẹ̀ ń dàgbà tirẹ̀ lọ. Eyín ìsàlẹ̀ ọmọ mi wá yọ kọjá tòkè. Tí a bá se àgbàdo, ọwọ́ ló fi ń yọ ọ́ ní hóró kọ̀ọ̀kan sẹ́nu, eyín iwájú rẹ̀ kò lè ge nǹkan kan.

Mi ò ní kọ iye tí mo san, torí kí oṣù tó parí ó ti lè yí padà. Bí owó ṣe pín ni kí ẹ wò. Owó wáyà ń kán tótó bí ẹ̀rọ omi tí kò tì dáadáa: ẹksiréè, ìwọ̀n eyín, wáyà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà owó oṣooṣù tí wọ́n fi ń mú wáyà náà le sí i. Ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ni, tàwọn ọmọ wa sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì láti Ṣàgámù dé ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn kún un, àti ọjà tí ẹ kò tà lọ́jọ́ náà. Ti iṣẹ́ abẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbà-á-lẹ́ẹ̀kan ni: tíátà, dókítà tó ń fúnni lóorun, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa pèsè sílẹ̀, àti irin títaníọ́mù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń de egungun. Òkè òkun ni irin yẹn ti ń wá, dọ́là ló ń pàṣẹ fún un.

Èyí tí wọn kì í tètè sọ fúnni rèé: ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa kọ́kọ́ wọ wáyà, wáyà yẹn á sì tún wà lẹ́nu fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wáyà nìkan, tàbí wáyà pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, nìyẹn. Tí àlàfo àárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀ bá kéré, wáyà nìkan lè bò ó. Tó bá jẹ́ egungun ló sá sẹ́yìn, tí ẹ fi wáyà dọ́gbọ́n tẹ eyín kó lè jọ pé ó bára mu, ọjọ́ tí ẹ bá wá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á kọ́kọ́ dá eyín náà padà sípò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa sanwó wáyà. Ọmọ Rẹ́mọ wo ló máa ra ohun kan lẹ́ẹ̀mejì?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Òótọ́ ni, ìyá wa. Èmi fúnra mi ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fún. Wọ́n ní kí n dàgbà tán ná, bí ọdún 18, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ tó bá ṣì ń dàgbà lè ba iṣẹ́ náà jẹ́. Owó tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa ni ti ọ̀rọ̀ sísọ. Bí wọ́n ṣe fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè síwájú, atẹ́gùn ń gba imú jáde tí mo bá ń sọ̀rọ̀, mo sì pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ sísọ. Ẹ béèrè ìyẹn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ti oúnjẹ kò le. Ògì ni, nígbà tó yá ìyá mi ń se ìkọ́kọrẹ́ tí kò fi ẹja gbígbẹ kankan sí.

Ìyá Àdùkẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni tèmi. Ohun tí wọ́n fún un sinmi lé iwájú orí àti àgbọ̀n, rọ́bà ló so ó mọ́ eyín òkè láti fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè síwájú. Tó bá ti iléèwé dé ló ń wọ̀ ọ́ di àárọ̀. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti iṣẹ́ abẹ, àmọ́ kí ọmọ tó tó bí ọdún 10 ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Kí eyín ṣóńṣó tòkè tó yọ, wọ́n tún máa bu egungun díẹ̀ níbàdí rẹ̀ dí ibi tó là ní èrìgì. Dókítà kò ṣèlérí pé kò ní nílò iṣẹ́ abẹ ńlá tó bá dàgbà, torí náà mo ti ń tọ́jú owó yẹn lọ́tọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa.