Ìmọ̀ràn: Súùtì fún Màmá nínú ọkọ̀ Queen Mary 2, Southampton sí New York

Adùnní_Leeds

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ìgbéyàwó ní Maryland ní oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, Màmá wa sì ti ní dandan ni kí àwọn dé ibẹ̀. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Ẹ̀dọ̀fóró wọn kan jò lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, àmọ́ dókítà ní kí wọ́n má tíì wọ bàálù. Nígbà tí mo sọ fún wọn, èsì tí wọ́n fún mi ni pé, "Ṣé bàálù ló gbé mi dé ìlú yìí ni?" Òótọ́ ni. Ọkọ̀ Aureol ni wọ́n wọ̀ ní Àpápá lọ́dún 1968, tó gbé wọn dé Liverpool lọ́dọ̀ Bàbá wa.

Mo wá rí i pé Queen Mary 2, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Cunard, ṣì ń ná Southampton sí New York. Súùtì, ìyẹn yàrá ńlá inú ọkọ̀, ni mo fẹ́ gbà fún èmi àti Màmá, torí orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, n kò sì fẹ́ kí wọ́n há mọ́ yàrá tóóró. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tí mo yẹ̀ wò ní ìparí oṣù keje, "kò sí mọ́" ni ìkànnì ń sọ fún mi. Yàrá kéékèèké ló kù. Ṣé kí n gba èyí tí mo rí ni, àbí kí n dúró? Páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà ni Màmá ṣì ń lò, wọ́n ní ìwé ìgbélùú gbére níbí. Ẹ̀yin tó ti wọ ọkọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Àrẹ̀mú_Soton

Adùnní, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Wọn á jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá ọkọ̀ yẹn lọ, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

"Kò sí mọ́" tí ẹ rí lórí ìkànnì kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo yàrá inú ọkọ̀ ló máa ń wà lórí ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ájẹ́ǹtì ńlá máa ń gba yàrá púpọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ jọ rìnrìn-àjò, èyí tí wọn kò bá sì rí tà, wọ́n á dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ti san àsansílẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 90 kí ọkọ̀ tó ṣí ni wọ́n máa ń ní kí èèyàn san owó tó kù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti yí padà á tètè jáde kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, torí bó bá kọjá, owó tí wọn kò ní dá padà fún un á máa pọ̀ sí i ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni súùtì máa ń yọjú. Ọ̀kan tí mo gbà, aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí i. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Bí mo ṣe san owó tán ni mo tún wo ìkànnì, kò sí òmíràn mọ́.

Nítorí náà, ẹ má dúró lásán, ẹ má sì gba ìgbàkúgbà. Ẹ gba yàrá kan tí Màmá lè gbé nínú rẹ̀ láìsí wàhálà tí súùtì kò bá tiẹ̀ bọ́ sí i mọ́. Ẹ wá ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé àwọn tó ń dúró de súùtì. Ẹ fóònù ni, kí ẹ bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Owó ọkọ̀ oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan dínwó, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò yan nọ́ńbà yàrá fún yín nígbà tó bá wù wọ́n. Èkejì wọ́n jù ú lọ, ẹ̀yin lẹ sì máa fọwọ́ ara yín yan yàrá. Fún ìyá ẹni ọdún 78 tí orúnkún ń dùn, ẹ má wo ti ẹ̀dínwó yẹn rárá. Ájẹ́ǹtì kan gba irú rẹ̀ fún mi nígbà kan, nínú ọkọ̀ mìíràn, kò ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí. Abẹ́ ibi ìjẹun ni wọ́n gbé mi sí. Láti aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àga lókè orí mi, gba, gba, gba, lójoojúmọ́.

Ìyá_Ìbejì_Brooklyn

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú wí. Ẹ wá àwòrán dẹ́kì (àjà) ọkọ̀ náà, kí ẹ wo ohun tó wà lókè yàrá àti nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó mú un. Ibi ìjẹun tí gbogbo ayé ń lọ wà ní dẹ́kì 7, torí náà ẹ wo yàrá dẹ́kì 6 dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ní ti súùtì, Princess Grill ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, Queens Grill ni èyí tó ga jù ú lọ. Ọ̀tọ̀ ni yàrá oúnjẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, dẹ́kì 7 làwọn méjèèjì wà, tábìlì yín á sì wà níbẹ̀ fún yín títí ẹ ó fi dé. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an lèèyàn ń sanwó fún ju fífẹ̀ yàrá lọ. Màmá kò ní tò sórí ìlà gbé àwo, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá á sì ti mọ̀ wọ́n lórúkọ tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta. Princess Grill ti tó fún Màmá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta súùtì alájà méjì fún yín. Ó rẹwà lóòótọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ lójú rẹ̀ kọ sí, ṣùgbọ́n òkè ni bẹ́ẹ̀dì wà, àtẹ̀gùn lẹ ó sì máa gùn inú yàrá ara yín. Orúnkún Màmá kò lè gba ìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé yàrá oníbákónì lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bákónì ti dẹ́kì 4, 5 àti 6, ara irin ọkọ̀ ni wọ́n ti gé ihò rẹ̀. Atẹ́gùn kì í jà níbẹ̀, ó dára fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n irin ni ògiri iwájú rẹ̀. Tí Màmá bá jókòó, irin ni wọ́n ó máa wò, àfi kí wọ́n dìde kí wọ́n tó rí òkun. Ti òkè, gíláàsì ni, wọ́n á máa rí omi láti orí ìjókòó. Ẹ sì yẹra fún dẹ́kì 8, torí àwọn ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà so rọ̀ síwájú ọ̀pọ̀ yàrá ibẹ̀. Àárín gbùngbùn ọkọ̀ ni kí ẹ wá, nítòsí lífìtì. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 345. Ẹni tó bá gba yàrá níwájú pátápátá tó fẹ́ lọ jẹun lẹ́yìn, ìrìn-àjò ni!

Nọ́ọ̀sì_Tóyìn

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró yẹn, àyà mi sì já díẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ bi dókítà yẹn ní pàtó bóyá ó fọwọ́ sí i pé kí Màmá wọ ọkọ̀ òkun, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú ọkọ̀, ilé ìwòsàn kékeré sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òru 7 ni ìrìn-àjò yìí láìdúró ní èbúté kankan. Láàárín Àtìláńtíìkì, ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà tí hẹlikópítà kò lè dé ọ̀dọ̀ yín. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí ni.

Ẹ gba ìnṣọ́ránsì tó dárúkọ ìrìn-àjò ọkọ̀ òkun, kí ẹ sì sọ gbogbo àìsàn tí Màmá ti ṣe fún wọn. Gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ti ẹ̀dọ̀fóró pamọ́ kí owó lè dínkù, torí ọjọ́ tí ẹ bá béèrè owó ni wọn yóò ṣí fáìlì. Tí Màmá bá ń lo ẹ̀rọ tó ń fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ mí, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣáájú. Oògùn wọn, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú àpótí tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín ní èbúté.

Ẹ tún béèrè yàrá tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò lè rìn dáadáa. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, balùwẹ̀ rẹ̀ kò ní ìdènà tí wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kọjá. Wọn kò pọ̀ rárá, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ tán. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù láti kọ ìdí tí ẹ fi nílò rẹ̀. Ẹ má tijú.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwé. Páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà kò sí nínú èyí tó lè fi ESTA, ìyẹn ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí kò nílò físà, wọ Amẹ́ríkà, ìwé ìgbélùú Britain kò sì yí ìyẹn padà. Físà ni Màmá nílò, bí wọ́n gba òkun wọlé, bí wọ́n gba òfuurufú wọlé. Ẹni tí kò bá ní in, Southampton ni wọ́n á ti dá a padà, súùtì yòówù kó gbà. Ẹ wádìí lónìí bóyá wọ́n ń fún ẹni tó ní páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà, kí ẹ sì mọ ọjọ́ tí owó tí wọn kò ní dá padà fún yín á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún físà lè ṣáájú rẹ̀. Fún ìpadàbọ̀, ìwé ìgbélùú wọn ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ rí i pé páspọ́ọ̀tì tí wọ́n ń lò ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti àtijọ́.

Bàbá_Àpápá

Adùnní ọmọ mi, o rán mi létí nǹkan. Èmi náà wọ Aureol. Ọkọ̀ funfun báláú ni, ẹ̀fín ń jáde láti inú ihò rẹ̀ aláwọ̀ ìyẹ̀fun ẹ̀bà. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni Liverpool sí Èkó, a ya Las Palmas, a ya Freetown. Ilé iṣẹ́ Elder Dempster fòpin sí i lọ́dún 1974. Ìyá rẹ mọ òkun. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé Àtìláńtíìkì ti àríwá yàtọ̀ sí èyí tí a gbà. Òtútù ni, kódà nínú ẹ̀rùn. Kí wọ́n mú súwẹ́tà àti bùbá tó nípọn.

Adùnní_Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí Màmá létí, wọ́n ní ihò ẹ̀fín yẹn làwọn kọ́kọ́ rí láti etí omi. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ṣì kù: aṣọ ẹbí ńkọ́? Aṣọ òkè àti gèlè ènìyàn 40 ni wọ́n ní kí a kó lọ.

Ìyá_Ìbejì_Brooklyn

Wọn kì í wọn ẹrù bíi ti bàálù, ẹ kó o. Oúnjẹ ni kí ẹ má kó. Ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́, àwọn aṣọ́bodè Brooklyn, níbi tí ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí ní New York, á gbà á lọ́wọ́ yín. Lálẹ́ tí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn múra ńlá, kí Màmá wé gèlè wọn.

Adùnní_Leeds

Mo ti fóònù lónìí o! Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Súùtì kò sí, ṣùgbọ́n ó rí yàrá oníbákónì onígíláàsì kan fún mi, àárín ọkọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, balùwẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Mo ti gbà á, èmi ni mo yan nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ wa sì ti wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró de Princess Grill. Mo ti kọ ọjọ́ 90 yẹn sára ògiri kíṣìnì. Dókítà ní kí a wá rí òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí òun yẹ̀ wọ́n wò kí òun tó kọ ìwé náà. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Àrẹ̀mú_Soton

Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù ni pé, bí ẹ ṣe ń lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lóru, Màmá á máa rí oorun sùn kún oorun. Ṣùgbọ́n ní òru tó kẹ́yìn, kí wọ́n tètè sùn. Ẹ jí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ wọ súwẹ́tà fún wọn, kí ẹ mú wọn lọ sí dẹ́kì òkè. Ọkọ̀ náà á gba abẹ́ afárá Verrazzano tó wà ní ẹnu ọ̀nà èbúté New York kọjá. Orí ihò ẹ̀fín rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin afárá náà, gbogbo èèyàn á gbójú sókè, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀.