Àtẹ̀yìntò ni, kì í ṣe ilé-yìnyín

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún yàrá tútù ilé ìtajà.

Ẹni tó pe yàrá tútù tó wà lẹ́yìn pẹpẹ wàrà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ilé ìtajà ńlá ní "ilé-yìnyín" kò wo iṣẹ́ yàrá náà kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìwọ̀n 1 sí 4 ti Celsius ni wọ́n sábà ń fi í sí; omi kì í dì níbẹ̀. Kódà àìsàn ni yìnyín jẹ́ fún un. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin á wọlé, omi inú rẹ̀ á dì mọ́ irin ẹ̀rọ tó ń fa ooru, atẹ́gùn ò ní rọ́nà gbà mọ́, yàrá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í móoru bí fáànù tilẹ̀ ń yí. Ṣé àrùn nǹkan la fi ń sọ nǹkan lórúkọ? Àwọn àgbà tó fún wa ní amúlétutù, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni wọ́n wò.

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń to ọjà nínú yàrá yìí. Pẹpẹ rẹ̀ rẹlẹ̀ níwájú díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, róólà kéékèèké sì wà lábẹ́ ìgò. Oníbàárà ṣílẹ̀kùn onígíláàsì, ó mú ọ̀kan, ìkejì yọ̀ wá sípò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń ti tuntun bọ̀ láti ẹ̀yìn. Èyí tó ti pẹ́ ló ń kọ́kọ́ jáde. Bó bá jẹ́ iwájú ni wọ́n ti ń tò ó, tuntun á dí ti àtijọ́ mọ́lé títí á fi bàjẹ́. Wàrà tó bá dà sórí róólà tó sì gbẹ, ìgò ò ní yọ̀ mọ́. Ìgò kan ṣoṣo tó bá ṣubú ní ìbúlẹ̀ á dí gbogbo ìlà náà. Oníbàárà á rò pé ọjà ti tán, bẹ́ẹ̀ ó kún ẹ̀yìn.

Àtẹ̀yìntò, nígbà náà: à-ti-ẹ̀yìn-tò, ọmọ ìyá àtẹ̀yìnwá. Àtẹ̀yìnkó tí ẹnì kan dá lábàá kò tọ́. Kíkó kò ní ètò nínú, olè náà ń gba ẹ̀yìn kó. Ẹni tó sì kọ ọ́ ní "àtẹ̀yìnto", ohùn ìsàlẹ̀ dà? "To ọjà" ló tàn án. Iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ni ohùn náà ti ń gòkè sí àárín, bíi kà àti ka ìwé. Ẹ sọ "tò ó", ẹ ó gbọ́ ọ.

Èsì:

Ẹ ṣeun, ọ̀gá, ṣùgbọ́n pẹpẹ lẹ sọ lórúkọ, ẹ ò tíì sọ yàrá. Yàrá àtẹ̀yìntò ni kó jẹ́. Pẹpẹ tútù tí kò nílẹ̀kùn, tí afẹ́fẹ́ tútù ń dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí aṣọ títa, iwájú ni wọ́n sábà ti ń to tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ bá a pín orúkọ.

Ní ti kó, mi ò gbà fún yín. Olóòótọ́ èèyàn náà ń kó ẹrù. Òṣìṣẹ́ ní láti kó páálí wọlé kó tó tò, kó sì mọ ibi tó ń kó o sí: kó má fi dí ẹnu fáànù, kó má gbé e lé ilẹ̀ lásán.

Àti pé ta ló ní omi dídì ni yìnyín? Lẹ́nu àwọn àgbà, ohun tó ń bá òjò já bọ́ ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí mìíràn, kó mú un wá.