Ẹyẹ kékeré aláyà yẹ́lò lórí pápá: kí lorúkọ rẹ̀, níbo ló sì ń lọ?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bútè-Mẹ́tà:
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láàárọ̀ òní, ọyẹ́ ò mú rárá. Kùrukùru fẹ́lẹ́ ló wà, oòrùn sì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Mo gbé àga sí bákónì ẹ̀yìn ilé, èyí tó kọjú sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí mo fi ń ka ẹyẹ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Lékeléke 23 ló wà lórí koríko. Kannakánná méjì ń bá ara wọn jà lórí páànù. Àwòdì mẹ́rin ń yípo lókè ọjà Òyìngbò, níbi táwọn alápatà wà. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀. Èyí tí mi ò mọ̀ kò tóbi ju ológoṣẹ́ lọ, àmọ́ ìrù ẹ̀ gùn, àyà ẹ̀ sì yẹ́lò bí ìyeyè tó pọ́n. Kì í tọ bí ológoṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń sáré láàárín àwọn lékeléke, ìrù ẹ̀ ń lọ sókè sódò láìsinmi. Mo ka mẹ́fà. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní rí i mọ́. Kí ni wọ́n ń pè é? Ibo ló ń lọ?

Ṣadé Akọkà:
Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé kì í ṣe aláwọ̀ dúdú àti funfun? Ìyẹn ń ju ìrù bákan náà, etí ọ̀sà ni mo ti ń rí i níbí. Onílé nìyẹn, kì í lọ síbì kan.

Ìyá Ìbejì:
Rárá, ọmọ mi. Yẹ́lò ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú ojúmọ́ mà. Yellow wagtail nìyẹn. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti ń yé ẹyin. Tí òtútù bá ń bọ̀ lọ́hùn-ún, tí kòkòrò wọ́n, á fò kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa, ẹyẹ tó wúwo tó bíi gíráàmù 17 péré! Tó bá di oṣù Kẹta sí Kẹrin, á jẹ kòkòrò títí ọ̀rá á fi kún ara ẹ̀, ọ̀rá yẹn ló sì máa fi fò padà. Ẹ máa wo ibi tí màlúù bá ti ń jẹko: kòkòrò tí pátákò wọn bá ta jí ló ń ṣa jẹ.

Bàbá Ìkòròdú:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ti lékeléke yàtọ̀. Òkè Ọya ni wọ́n ń lọ yé ẹyin nígbà òjò. Tí ẹ bá rí i tí orí àti àyà wọn ń pọ́n rúsúrúsú, wọ́n ti ń múra nìyẹn. Àwòdì ní tiẹ̀ ń yé ẹyin lọ́dọ̀ wa níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó tẹ̀ lé òjò lọ sókè. Igún ló ń dùn mí. Orí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ni wọ́n máa ń bà sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Májèlé pa wọ́n, wọ́n tún ń pa wọ́n tà fún oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bá dé àti ọjọ́ tó bá lọ.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Láti Yúróòpù! Mo padà sí bákónì lẹ́yìn tí mo kà á tán. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti lé wọn, ọ̀kan péré ló ṣì wà lórí ògiri. Ó ké “tsííp”, ó sì fò lọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Màá bẹ méégádì kó má jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà ta wọ́n lókò. Lọ́la, agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni màá ti jókòó.