Àbọ̀ lórí ara gbígbóná tó ń ṣe mí ní Màláwì: kì í ṣe ibà ẹ̀fọn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Màláwì, tó kọ̀wé pé ara òun ń gbóná lálaalẹ́, pé ikọ́ gbígbẹ àti ara yíyún ń da òun láàmú, àyẹ̀wò ibà ò sì rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n tún àyẹ̀wò ibà ṣe, mo ṣe é, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó béèrè bóyá mo wọ inú adágún, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ni a lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Cape Maclear, létí Adágún Màláwì. Bí mo ṣe sọ ìyẹn fún dókítà, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, eosinophil, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó máa ń pọ̀ sí i bí kòkòrò bá wọ ara, ti pọ̀ kọjá ààlà. Àtọ̀sí ajá ni, àìsàn kòkòrò tó ń gba awọ ara wọlé láti inú omi adágún; ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Katayama ló ń ṣe mí. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ò rí ẹyin kankan, torí kòkòrò náà kò tíì dàgbà tó láti yé; ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ.

Oògùn prednisolone ló kọ́kọ́ mú ara mi tutù. Praziquantel, oògùn tó ń pa kòkòrò náà, tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbó ló ń pa dáadáa, nítorí náà wọ́n ní kí n tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ti lò ó. (Ó korò bí ewúro, ẹ jẹun sí i!)

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò san owó oògùn, wọn ò san ti ọkọ̀ tó gbé mi lọ sí Blantyre. Ikọ́ náà ṣì kù díẹ̀, màá sì tún ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo bá padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ṣeun.