Báwo ni ọmọ tí kò lè fi ẹnu sọ̀rọ̀ yóò ṣe bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré?

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà ní kíláàsì mi tí iṣan ara rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu: kò lè dá rìn, kò sì tíì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá sọ ni ó ń yé e. Bí àkókò eré bá tó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé, òun a sì wà lórí àga rẹ̀, a máa wò wọ́n. Àwọn tí ó ń sún mọ́ ọn ń ṣe é bí ọmọ ọwọ́. Àwọn ni wọ́n ń dáhùn ìbéèrè tí a bi í. Mo fẹ́ ṣe pátákó àwòrán tí yóò máa tọ́ka sí, àmọ́ ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀ pé kò ní gbìyànjú àtisọ̀rọ̀ mọ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ
Ẹ fi ọkàn ìyá náà balẹ̀. Àwọn ìwádìí tí a ti ṣe kò fi hàn pé àwòrán tàbí àmì ọwọ́ ń dí ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ohun tí ó sábà máa ń sọ pátákó di aláìwúlò ni pé a ó gbé e síwájú ọmọ, a ó sì máa retí kí ó lò ó, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó lójú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ máa tọ́ka sí àwòrán bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, láìfi dandan mú un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, ẹ dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè dé ibi tí ọkàn rẹ̀ ti dé. (Ìdákẹ́jẹ́ yìí máa ń nira fún àgbàlagbà ju fún ọmọ lọ.) Ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ omi, oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ eré sí i: “Ó kàn mí”, “Tún un ṣe”, “Wó o lulẹ̀”, àti ní pàtàkì, “Mi ò fẹ́”.

Bàbá Àbíkẹ́yìn
Òótọ́ ni, àmọ́ èmi ì bá kọ́kọ́ mójú tó ibi tí ó jókòó sí. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, pátákó wo ni yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀? Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù wá sórí tábìlì tí àga rẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ bi ẹni tí ń tọ́jú iṣan rẹ̀ nípa àga ilẹ̀ tí yóò gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró.

Olùdarí Ilé Ẹ̀kọ́
Ní ti àwọn tí ń dáhùn fún un, ẹ má bá wọn wí, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ kọ́ wọn láti bi í, kí wọ́n sì wo ìka rẹ̀. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí eré kò lè tẹ̀ síwájú láìsí i, bíi kí ó jẹ́ ẹni tí yóò pàṣẹ ìgbà tí ilé tí wọ́n kọ́ yóò wó. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, ti ọdún 2006, sọ ọ́ ní abala 30 pé kí irú àwọn ọmọ báyìí ní àǹfààní kan náà láti kópa nínú eré, títí kan ti ilé ẹ̀kọ́. Wíwòran kì í ṣe kíkópa.